Ọjọ́ tí mo di òṣómàáló

Aago méje àárọ̀ ò tíì lù nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé kan lójú ọ̀nà Òṣogbo, níbi tí Iléṣà ti ń parí lọ. Mo fa búlọ́ọ̀kù kan sábẹ́ igi máńgòrò, mo ṣẹ́ ìborùn mi lé e lórí, mo jókòó. Mo gbé fúláàsì tíì kalẹ̀ lọ́tùn-ún, mo gbé báàgì mi sórí itan. Àwọn lébírà méjì tó ń po yanrìn mọ́ sìmẹ́ǹtì kí mi, mo dáhùn. Ọ̀kan ní, "Màmá, ta lẹ ń wá?" Mo ní ọ̀gá wọn ni. Ó ní ọ̀gá ò tíì dé. Mo ní kò burú, n ò kánjú.

N ò sì kánjú lóòótọ́. Mo ti gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ilé bàbá mi wà lẹ́yìn Ẹ̀rẹ̀jà. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára ni, irú èyí tó pọ̀ káàkiri Iléṣà, tí owó kòkó àti owó aṣọ kọ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń ná pọ́n-ùn. Ìyá mi nìkan ló kù síbẹ̀, òun àti ọmọ àbúrò mi kan tó ń lọ ilé ìwé. Ilé náà tóbi, ó lẹ́wà lójú mi títí dòní, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ wà: ẹ ó sọ àtẹ̀gùn mẹ́rin kalẹ̀, ẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ kànga, ẹ ó wá ṣí ilẹ̀kùn páànù kan tó máa ń ké. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í da ìyá mi láàmú, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo lọ gbálẹ̀ yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo rí póò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Òjò ló rọ̀ lánàá." Ẹ̀ẹ̀rùn la wà.

Bí mo ṣe pe mọlémọlé nìyẹn, ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. N ò ní dárúkọ rẹ̀; kì í ṣe láti bà á lórúkọ jẹ́ ni mo ṣe ń kọ èyí. Ó lé díẹ̀ ní ọmọ ogójì ọdún, ọwọ́ rẹ̀ sì dá a lójú. Òun ló mọ ògiri ọgbà fún ọ̀rẹ́ mi kan, ògiri náà gún bí ìgbà tí wọ́n fi okùn fà á. Ohun tí mo ní kó ṣe ò pọ̀: yàrá kan tó so mọ́ ẹ̀yìn ilé nísàlẹ̀, kó pín in sí balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó gbẹ́ sọkàwéè, kó tẹ́ táìlì tí kì í yọ̀, kó kan páànù lé e. Ó wo ibẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ó ní ₦1,850,000, àtohun èlò àtowó iṣẹ́, kò sí àfikún. Mo ní kó mú un wálẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wo ojú ọjà." Mo gbà.

Ìwé kankan ò sí. Ohun tó wà ni ohùn rẹ̀ tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, níbi tó ti ń ka búlọ́ọ̀kù 700, yanrìn típà mẹ́ta, òkúta típà kan, irin, páìpù, bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ ilé rẹ̀. Mo fi ₦1,000,000 ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ògiri dé orí fèrèsé ní oṣù kìíní ọdún 2024, mo fi ₦400,000 kún un. Ó ku ₦450,000, a sì jọ sọ pé ó di ọjọ́ tí ìyá mi bá kọ́kọ́ wẹ̀ níbẹ̀.

Sìmẹ́ǹtì wá fò. Ẹni tó ń kọ́lé ní Nàìjíríà lásìkò náà ò ní gbàgbé oṣù kejì ọdún 2024. Wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo láti òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, gbogbo nǹkan sì ń wọ́n sí i díẹ̀díẹ̀. Èyí kì í ṣe díẹ̀díẹ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì tí à ń rà ní nǹkan bí ₦5,500 nígbà tí a jọ dúnàádúrà kọjá ₦10,000. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti tà á ní ₦15,000. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé mínísítà fún iṣẹ́ òde pe àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì jókòó, wọ́n sì jáde wá sọ pé ₦7,000 sí ₦8,000 ló yẹ kó jẹ́. Ojú mi báyìí ni ọkùnrin tí à ń ra sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe gbọ́ ìròyìn náà lórí rédíò. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí rédíò sí ibi tí wọ́n ti ń kọrin.

Mọlémọlé mi pè mí lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní owó ti tán. Ó ní bí n ò bá fi ₦650,000 kún ₦450,000 tó kù, iṣẹ́ ò ní lè rìn. Mo bi í pé àpò sìmẹ́ǹtì mélòó ló kù tó máa lò. Ó ní ọgbọ̀n. Mo mú bírò. Ọgbọ̀n àpò ní ₦5,500 jẹ́ ₦165,000. Ká ní a rà á ní ₦13,000 pàápàá, ₦390,000 ni. Ohun tó fò ò ju ₦225,000 lọ. Níbo ni ₦425,000 yòókù ti wá? Ó ní irin náà ti wọ́n, táìlì ti wọ́n, ọkọ̀ tó ń kó ẹrù ti wọ́n. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà ò tó ₦425,000, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá pè é, kì í gbé e.

Èyí tó dùn mí jù kì í ṣe owó. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde nínú sọkàwéè ló dí ọ̀nà tí ìyá mi ń gbà lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àtijọ́. Nígbà tí òjò dé ní oṣù kẹrin, òkìtì náà di ẹrẹ̀, ó ṣàn délẹ̀ kànga. Iwájú ilé ni ìyá mi wá ń gbà yí po. Mo ná ₦1,400,000, ọ̀nà ìyá mi sì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Gbogbo èèyàn ló mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fún àwọn ọlọ́pàá ní nǹkan, kí wọ́n lọ gbé e. Tó bá sùn sí àtìmọ́lé mọ́jú, á rántí ibi tó kówó sí. N ò ní parọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ lọ́yà. Ó ní kí n má dán an wò. Ó ní òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala 32, sọ ọ́ láìfi epo bọyọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ lásán, nígbà tí kò sí ìwà ọ̀daràn níbẹ̀. A mọ̀ pé àwọn tó ń fi ọlọ́pàá gba gbèsè pọ̀ nígboro, àmọ́ ó ní ọjọ́ tí ẹni tí wọ́n mú bá gba lọ́yà tirẹ̀, ẹni tó pe ọlọ́pàá ni yóò máa wá ẹni tó máa bá òun bẹ̀bẹ̀. Mo ní kóòtù ńkọ́? Ó ní àdéhùn ẹnu náà, àdéhùn ni lójú òfin. "Ṣùgbọ́n, Àǹtí, kí lẹ máa fi han adájọ́? Ẹ ní ẹ̀rí pé ẹ sanwó. Ẹ̀rí iye iṣẹ́ tó ti ṣe ńkọ́?"

N ò ka ìbéèrè yẹn sí lọ́jọ́ náà. Mo rò pé lọ́yà ń ṣe bíi lọ́yà ni. Wọ́n tún máa ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Èmi ò wá ọ̀rẹ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mò ń wá.

Ìyá mi ló mú mi kúrò lójú kan. Bàbá tó bí i, òṣómàáló ni. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà lè ti gbọ́ orúkọ yẹn bí èébú, tí wọ́n bá fẹ́ fi bú wa pé owó kì í bọ́ lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ gidi ni. Láyé àwọn òyìnbó, àwọn ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà a máa ru aṣọ kiri ìlú onílùú, wọ́n á tà á ní àwìn, wọ́n á wá padà lọ gbowó nígbà tí owó bá dé ọwọ́ àwọn tó rà á. Ẹni tí kò bá san, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi. Ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá.

Láti kékeré ni mo ti mọ ìtàn yẹn. Ohun tí n ò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń lóṣòó ọ̀hún. Ìyá mi ní bàbá òun kì í pariwo. "Ẹni tó bá ń pariwo, wọ́n á ní orí rẹ̀ ti dàrú, wọ́n á lé e. Ẹni tó bá dákẹ́, ará ilé onígbèsè ni yóò máa bi onígbèsè pé kí ni bàbá yìí ń wá." Ó ní kì í jẹ oúnjẹ onígbèsè, kì í mu omi rẹ̀, nítorí ojú máa ń ti èèyàn láti gbowó lọ́wọ́ ẹni tí iyán rẹ̀ ṣì wà níkùn òun. Bí onígbèsè bá kí i, á dáhùn, á béèrè àwọn ọmọ. Ó sì gbọ́dọ̀ mọ iye aṣọ tí onítọ̀hún gbà: ọ̀pá mélòó, irú èwo, ọjà wo. Bàbá náà ò mọ̀wé. Okùn ló ń ta ní kókó, okùn kan fún ẹnì kan.

Ó wá wò mí. Ó ní, "O ní ọkùnrin yìí jẹ ọ́ lówó. Èló ni?"

Mo ní ₦1,400,000.

Ó ní, "Ògiri tó wà lẹ́yìn ilé mi ńkọ́? Ṣé afẹ́fẹ́ ló mọ ọ́n?"

Bí mo ṣe dé abẹ́ igi máńgòrò nìyẹn. Lórí búlọ́ọ̀kù ni mo jókòó. N ò lè lóṣòó, orúnkún ìyá mi ti ń bọ̀ lọ́nà lára tèmi náà. Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ló dé lórí ọ̀kadà. Ó ti rí mi kó tó sọ̀ kalẹ̀, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ń rò ó bóyá kí ọlọ́kadà yí padà. Ó sọ̀. Ó ṣe ìdọ̀bálẹ̀ àbọ̀.

"Àǹtí, ṣé kò sí o?"

"Kò sí o. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà."

"A dúpẹ́. Máa ṣiṣẹ́ ẹ lọ. Mo kàn wá jókòó ni."

Ó ṣiṣẹ́, mo jókòó. Ó rán ọmọ lọ ra omi ọlọ́ràá wá fún mi. Mo dúpẹ́, mo gbé e sílẹ̀, mo mu tíì mi. Lọ́sàn-án ni ọkùnrin tó ń kọ́ ilé náà dé. Ó kí mi, ó yí sí mọlémọlé, ó ní, "Ìyá ẹ ni?" Ọmọkùnrin náà lè purọ́, kò purọ́. Ó ní, "Iṣẹ́ wọn ló wà lọ́wọ́ mi, sà." Onílé yìí wò mí. Ó wo ògiri tirẹ̀. Ó rìn lọ síbi tí wọ́n kó sìmẹ́ǹtì rẹ̀ sí, mo sì rí ètè rẹ̀ tó ń mì bó ṣe ń ka àpò. Díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di aago mẹ́rin, òun gan-an ló wá lóṣòó síwájú mi. Ó ní, "Àǹtí, mo jẹ̀bi. Owó yẹn, mo ti ná an. Kì í ṣe fàájì ni mo fi ṣe." Iṣẹ́ ẹlòmíràn tó ti gba owó rẹ̀ ṣáájú tèmi ló fi owó mi parí, ó sì ń retí owó ẹni tó máa tẹ̀ lé mi kó fi parí tèmi. Bó ṣe ń ṣe é bọ̀ láti ọdún pípẹ́ nìyẹn. Sìmẹ́ǹtì fò, okùn náà já, ọ̀dọ̀ mi ló sì ti já. Mo gbà á gbọ́. Irọ́ máa ń dára létí ju èyí lọ. Mo ní kó jẹ́ kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wọn wá ka ohun tó ti ṣe níwájú èmi àtòun. Ojú rẹ̀ ò fẹ́, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n wá, àwọn méjì. Èyí àgbà nínú wọn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí awọ. Ohun tó mú dání ni tépù, ìṣó gígùn kan, àti òkúta tó so mọ́ okùn. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan. Ó wọn ògiri níbùú, ó wọ̀n ọ́n lóòró, ó ń kùn sínú. Búlọ́ọ̀kù onínáìnì, ìyẹn oní-ínṣì mẹ́sàn-án, mẹ́wàá ló ń bo mítà kan níbùú lóòró, nítorí náà kò sí ibi tí irọ́ lè sá sí: 700 tí mo gbọ́ lórí WhatsApp di 530, àti ti ìpìlẹ̀, àti ti inú ilẹ̀. Ó fi ìṣó ha ara búlọ́ọ̀kù kan, kò jẹ. Ó ha òmíràn, yanrìn ń dà wuruwuru sórí bàtà rẹ̀. Ó ní, "Àwọn yìí kì í ṣe ọmọ ìyá." Ó dé ibi tí irin ti yọ orí jáde lókè ilẹ̀kùn, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá dì í mú.

"Irin onímílímítà mẹ́wàá lo fi síbí. Kí lo sọ fún wọn?"

"Méjìlá, bàbá."

Bàbá ní ilẹ̀kùn náà ò fẹ̀ jù, irin mẹ́wàá á gbé e, kò ní wó. Ṣùgbọ́n ó ní kí ẹnì kejì rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ara mi ti ń yá gágá lásìkò yìí. A wá dé ìdí sọkàwéè. Ó sọ òkúta sínú rẹ̀, ó fetí sí i bó ṣe dún, ó ní kí wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì wá. Gbogbo wa tẹ̀ ba. Lókè ihò náà, iyẹ̀pẹ̀ pupa ni. Tó bá tó ìdajì, àpáta ló bẹ̀rẹ̀, àpáta dúdú, ojú ibi tí wọ́n ti là á ṣì ń dán. Ọkùnrin yìí ti sọ fún mi rí pé òun bá àpáta pàdé, pé àwọn tó fọ́ ọ gba ₦90,000 lọ́wọ́ òun. Mo ti pè é ní òpùrọ́. Kò sì yẹ kó yà mí lẹ́nu: ìdí àpáta ni wọ́n ti ń wa wúrà láwọn ìletò tó yí Iléṣà ká.

Bàbá nàró. Èmi ló wá kọjú sí. "Ta ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ síbí? Ilẹ̀ rírọ̀ wà lọ́hùn-ún."

Mo ní èmi ni. Mo ti kà á pé sọkàwéè ò gbọdọ̀ sún mọ́ kànga, mo sì pè é ní oṣù kejìlá pé kó gbé e jìnnà.

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Èló lẹ fi kún un?"

N ò rí èsì.

"Ilẹ̀kùn yìí náà fẹ̀ ju ti balùwẹ̀ lọ."

Èmi náà ni. Mo ń rò ó pé bó pẹ́ bó yá, ìyá mi lè nílò kẹ̀kẹ́ aláìlera. Láàárín ọjà ni mo ti sọ ọ́ lórí fóònù, bí ẹni ń sọ fún ọmọ pé kó fi ata díẹ̀ kún ọbẹ̀.

Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Iṣẹ́ àgbàṣe lẹ gbé fún un. Lóko, kí ni wọ́n ń kà fún alágbàṣe?"

"Ebè, sà."

"Ta ló ń kà á?"

Mo rántí oko bàbá mi. Alágbàṣe á kọ igba ebè, òun àti bàbá mi á jọ rìn ín, wọ́n á jọ kà á, kí owó tó jáde lápò. Mo ní àwọn méjèèjì ni.

"Ẹ̀yin, owó lẹ̀ ń kà. Òun náà, owó ló ń kà. Kò sẹ́ni tó ka ebè."

Wọ́n ṣe ìṣirò náà lórí tábìlì ìyá mi. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iye tí wọ́n ń ta nǹkan nígbà tó ra kálukú wọn, tí wọ́n ti yọ búlọ́ọ̀kù tí kò sí àti irin tó tẹ́ẹ́rẹ́, jẹ́ ₦1,070,000. Wọ́n fi ₦60,000 lé e fún àpáta àti ilẹ̀kùn. ₦90,000 tó béèrè pọ̀ jù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,130,000. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó jẹ́ tèmi ò ju ₦270,000 lọ.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé, ní ibi iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ẹnì kan kó ₦1,400,000 mi lọ. Ó ṣòro fún mi láti wojú ọmọkùnrin náà. Síbẹ̀, ẹ má gbọ́ mi ṣì. Búlọ́ọ̀kù 170 kì í sọnù fúnra rẹ̀, irin méjìlá kì í dédé di mẹ́wàá. Kí ẹnikẹ́ni má fi sìmẹ́ǹtì tó fò bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Àbùkù tirẹ̀ wà, tèmi wà, wọn ò sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n, èmi ò mọ ibi tí tèmi parí sí.

Ìwé tí a kọ kò ju ojú ewé kan lọ. Èmi ni n ó máa ra ohun èlò fúnra mi. Òun á fi owó iṣẹ́ tó kù, tí àwọn bàbá fi sí ₦180,000, dí gbèsè. Á san ₦90,000 yòókù lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́yà wa ló kọ́ mi láti kọ ohun tí "parí" túmọ̀ sí, mo sì kọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n: omi ń wọlé, omi ń jáde, ilẹ̀kùn ń tì, òjò ò jò. Àwọn méjèèjì tó jẹ́ ẹlẹ́rìí tọwọ́ bọ̀wé, a yà á ní fọ́tò, kálukú mú tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é, ní oṣù kẹfà. Ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń gúnyán fún un, tàbí kó ní kí ọmọ gún un. "Ọkọ mi, wá jẹun." Mo ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ ní òṣómàáló kì í jẹ oúnjẹ onígbèsè." Ó ní, "Ṣé èmi ni mò ń jẹ tirẹ̀ ni? Òun ló ń jẹ tèmi. Jẹ́ kí n wo bó ṣe máa jẹ iyán mi tán táá wá tẹ́ táìlì tó máa gbé mi ṣubú."

Lọ́jọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ wọ balùwẹ̀ náà, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé a lọ kanlẹ̀kùn. Ó ní ká fi òun sílẹ̀.

Mọlémọlé san ₦30,000 ní oṣù keje, ó san òmíràn ní oṣù kẹsàn-án. Lẹ́yìn ìyẹn ó dákẹ́. N ò pè é. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì, fóònù mi dún: ₦10,000 ló wọlé. Níbi tí wọ́n ti máa ń kọ ohun tí owó wà fún, ó kọ ọ́ síbẹ̀ láìfi àmì kankan sí i: *Osomaalo, o ku 20.*

Mo kà á fún ìyá mi. Ó ní kí n tún un kà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá fi ìborùn nujú.

Ó ní, "Ta á ní kókó."